Ìjókòó Kan Nínú Bọ́ọ̀sì Ẹnu-Ọ̀nà

Ó tọ́ kí ayé gbọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, pé ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì rẹ̀ láìkọ́kọ́ yọ ọrùn síta lójú fèrèsé. Á wo ilẹ̀, á wo àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, á wo ẹnu ọ̀nà ilé tó kọjú sí i. Bí àtẹ̀gùn bá jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ, á ní, "Rárá o," á fi ọkọ̀ sẹ́yìn, á tún un gbé wá. Ó lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ti dìde, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ti tún jókòó, ó ti tún dìde. Ìyẹn nìkan sì ni eré ìdárayá tí ọmọ náà máa ṣe lọ́jọ́ náà.

Àwọn ọmọ iléèwé ló sọ ọ́ ní Ẹnu-Ọ̀nà. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà gbà á bí ẹni gba oyè. Bí àlejò bá béèrè orúkọ rẹ̀, á fọwọ́ tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ṣe, á ní, "Ẹnu-Ọ̀nà ni wọ́n ń pè mí. Ẹ bi mí ní ìdí rẹ̀." Àlejò tó bá bi í, ọjọ́ rẹ̀ ti lọ.

Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé náà. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, ibi méje péré ni bọ́ọ̀sì ń dúró sí. Àwọn ọmọ a fẹsẹ̀ rìn dé oríta tó bá sún mọ́ wọn, wọn a máa ta ara wọn lẹ́sẹ̀, wọn a máa lé ajá, tàbí kí ajá máa lé wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọkọ̀ ti dé iléèwé. Lọ́jọ́ kan, òjò pa ọmọ oníbáǹkì kan ní oríta. Òjò náà ò tó ohun tí ewúrẹ́ ń torí ẹ̀ sá, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà bẹ Ẹnu-Ọ̀nà pé kó máa yà dé ẹnu ọ̀nà àwọn. Ó yà. Aládùúgbò wọn rí i, ó ní ṣé tòun wá ni ọmọ tí òjò lè máa pa. Ó yà síbẹ̀ náà. Kó tó pé ọdún méjì, ibi méje ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti di wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òbí kankan ò ráhùn. Kí ni wọ́n fẹ́ ráhùn fún? Àwọn kọ́ ló ń jókòó sínú ẹ̀.

Ẹ wọ inú bọ́ọ̀sì náà kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Ìjókòó méjìlélọ́gbọ̀n ni, tìmùtìmù kọ̀ọ̀kan sì ti jìn bí ìdí ẹni tó ni ín ṣe rí, débi pé ọmọ tó bá ṣèèṣì jókòó sórí ti ẹlòmíì máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí kì í ṣe tirẹ̀. Èérún bisikíìtì ń dún wàràwàrà lábẹ́ bàtà. Fóònù ń tan ìmọ́lẹ̀ sójú wọn. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan wà nílẹ̀ tó máa ń yí lọ síwájú bí ọkọ̀ bá tẹ bíréèkì, tó sì máa ń yí padà sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá gbéra. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú bọ́ọ̀sì náà, ìgò yẹn ló ń rìn jù.

Iléèwé náà ní nọ́ọ̀sì kan, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, á gbé gbogbo ọmọ gun ìwọ̀n, á wọn gíga wọn, á fi téèpù yí wọn nínú. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ó kọ orúkọ àwọn tí ọ̀rá ara wọn ti kọjá ti ọjọ́ orí wọn sínú ìwé kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri nínú yàrá òun tìkara rẹ̀, kí àwọn tíṣà lè wá kà á. Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ẹnu-Ọ̀nà wọlé láti wá gba oògùn orí fífọ́, ó bá ìwé náà pàdé. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó tún fi ìka kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi da ìwé yìí kọ."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì bọ́ọ̀sì ni. Mọ́kàndínlógún nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọmọ inú bọ́ọ̀sì mi ni wọ́n. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, méje péré ni wọ́n rí mú."

Nọ́ọ̀sì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bàbá, àwọn tí ọ̀rá ti pọ̀ jù lára wọn ni mo kọ síbẹ̀."

"Mo rí i. Mo ka òkè ìwé."

"Kì í ṣe ohun ìyìn."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ò mọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Nílé bàbá mi, bí wọ́n bá to gbogbo àwa ọmọ jọ sórí ìwọ̀n yín yẹn, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò níí mì."

Nọ́ọ̀sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Ó ní kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ tóbi bí ẹ̀dá rẹ̀ bá ṣe rí. Ohun tó burú ni kí ọmọ má rí àyè gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní ọmọdé àti ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ máa rí wákàtí kan lójúmọ́, ó kéré tán, tí wọ́n á fi máa sáré, tí wọ́n á fi máa fò, tàbí kí wọ́n rìn kíákíá títí èémí wọn á fi ròkè.

"Wákàtí kan kẹ̀?" ni Ẹnu-Ọ̀nà wí. "Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni tèmi. Ẹ ò sì mọ títì yẹn ni, gbogbo ọ̀nà ló ń mì wọ́n."

Nọ́ọ̀sì wọ awò ojú rẹ̀ padà, ó fún un ní oògùn orí, ó tún fi ẹyọ kan lé e.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dun Ẹnu-Ọ̀nà láyé yìí, nǹkan náà sì ń dùn ún gan-an. Ó ní ọmọ kan, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tẹ́ẹ́rẹ́, àfi bàbá rẹ̀ tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ náà sétí. Iléèwé yẹn náà ni Tẹ́ẹ́rẹ́ ń lọ. Òfin iléèwé sì ni pé ọmọ òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ wọ bọ́ọ̀sì, àfi bí àyè bá ṣẹ́ kù. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ló ti ń fẹsẹ̀ rìn: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bọ̀, á gba ẹ̀yìn ilé ìlagi, á fo kòtò àgbàrá kan, á já sí títì ńlá. Nítorí pé ó fẹ́ràn oorun, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kì í rìn ín, ńṣe ló ń sá a. Bọ́ọ̀sì a kọjá lára rẹ̀ lójú títì, àwọn ọmọ a juwọ́ sí i, bàbá rẹ̀ a tẹjú mọ́ iwájú bí ẹni tí ẹrù já bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ tí kò fẹ́ káyé mọ̀.

Ọdún mẹ́jọ ni Ẹnu-Ọ̀nà fi ń kọ lẹ́tà sí obìnrin tó ni iléèwé, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáámù. Lẹ́tà kan ní sáà kan, kò fò ó rí. Èsì kan náà ni: bọ́ọ̀sì ti kún.

Ìtìjú tó ń jẹ bàbá yìí ló sọ ọmọ rẹ̀ di eléré ìje. Olùkọ́ eré ìdárayá, tí wọ́n ń pè ní Tíṣà Fèrè nítorí fèrè tó máa ń fi sọ́rùn, ló kọ́kọ́ rí i. Ó máa ń dúró ní géètì láràárọ̀ láti mú àwọn tó bá pẹ́. Ó ní òun ṣàkíyèsí pé ọmọbìnrin kan wà tó máa ń yọ lókè ọ̀hún nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti géètì, tí géètì kì í sì í bá a. Ó mú un lọ sórí pápá, ó sì rí ohun tó rí. Ìdíje àwọn iléèwé ń bọ̀, eré ìyípo méjì àwọn ọmọbìnrin wà nínú rẹ̀, ẹni mẹ́rin ni iléèwé máa fi ránṣẹ́. Tíṣà Fèrè sọ fún Tẹ́ẹ́rẹ́ pé bí kò bá ti ṣàìsàn, tirẹ̀ dájú nínú mẹ́rin náà. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí ò ní nǹkan míì lọ́kàn. Ó fi bírò kọ ọjọ́ tí wọ́n máa yan èèyàn sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó sì ń dúró ṣe ìdánrawò pẹ̀lú Tíṣà Fèrè lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí iléèwé bá parí.

Bó ṣe ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n gbé bàbá oníbáǹkì lọ síbi iṣẹ́ míì, tòun tọmọ rẹ̀ tí òjò pa níjọ́sí. Ìjókòó kan ṣófo. Màdáámù, tí lẹ́tà ti sú, ní kó máa gbé ọmọ rẹ̀.

Ẹnu-Ọ̀nà délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bọ́ bàtà, ó pe ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ jókòó sí pálọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń bá wọn lọ aṣọ nílé ìfọṣọ ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì máa ń tẹ́jú bí aṣọ tó bá lọ̀.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí, "wọ́n ti fún ẹ ní ìjókòó."

"Ìjókòó kí ni, Bàbá?"

"Nínú bọ́ọ̀sì. Èyí tó wà lẹ́yìn mi gan-an. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé."

Tẹ́ẹ́rẹ́ wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣì máa rìn títí wọ́n á fi yan èèyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án péré ló kù."

"Kó o máa rìn? Èmi tí mo ń gbé ọmọ ọlọ́mọ dé ẹnu ọ̀nà, kí tèmi máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀?"

"Ṣé ìrìn náà ti pa á láti ọdún mẹ́jọ?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Kò pa á. Èmi ló ń pa."

"Wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́."

"Kí ló fẹ́ fi abuké ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ìgbádùn tí bàbá ra fọ́mọ. Iwájú ilé wọn ni bọ́ọ̀sì ń sùn, nítorí náà Tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tó ń rìn, á jí, á wẹ̀, á jáde, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti dé. Ní báyìí tó ti di ọmọ ńlá, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tó fi wà lórí ìjókòó, á sì wà níbẹ̀ títí ọkọ̀ á fi yà sí ọgbọ̀n ẹnu ọ̀nà, tí bàbá rẹ̀ á fi yọ ọrùn síta nígbà ọgbọ̀n. Nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀ ni. Bí iléèwé bá parí, bọ́ọ̀sì kì í dúró de ìdánrawò ẹnikẹ́ni. Bàbá á fi họ́ọ̀nù pè é lórí pápá, á sì máa tẹ họ́ọ̀nù náà títí àwọn tó kù lórí pápá á fi bẹ ọmọ náà pé kó máa lọ. Àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì ò sì burú. Wọ́n fẹ́ràn àlejò. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ tí èèyàn fi ń fẹ́ràn àlejò sì ni kí wọ́n na páálí bisikíìtì sí i.

Ní àárín sáà, nọ́ọ̀sì tún wọn Tẹ́ẹ́rẹ́. Téèpù ti fi ìka méjì gùn sí i. Ó ránṣẹ́ pe bàbá.

"Ọmọ yín ò tíì sí nínú ìwé mi," ló sọ fún un. "Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ ló ń gbà lọ. Àtẹ̀gùn tó gùn wá síbí, mo gbọ́ èémí rẹ̀ kí n tó rí i."

"Ara ló ń dé, Nọ́ọ̀sì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹ̀."

"Ó ní ẹ ò jẹ́ kí òun dúró ṣe ìdánrawò."

"Ìdánrawò kí ni? Ṣé ọmọ tó ti ń sáré láti ọmọ ọdún mẹ́fà tún ní láti lọ kọ́ eré sísá? Ó ti mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kó sinmi."

Ọjọ́ tí wọ́n máa yan èèyàn pé. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n máa sá a. Bọ́ọ̀sì ti gbé ọmọ tó gbẹ̀yìn, ó ti já sí títì iléèwé, òrùlé iléèwé ti ń dán lókèèrè, ni fáńbẹ́ẹ̀tì bá já. Ọkọ̀ kú síbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé géètì, bí arúgbó bá mú ọ̀pá, ó lè rìn ín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì tún dúró kí èèyàn méjì lọ́nà.

Ẹnu-Ọ̀nà dìde, ó kọjú sí àwọn ọmọ. "Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ o. Mo ti pe mẹkáníìkì."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n jókòó, wọ́n ń wo òrùlé iléèwé wọn látinú gíláàsì, bí ẹni tó ń wo ìlú òkèèrè nínú tẹlifíṣọ̀n.

"Bàbá," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí, "ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù."

"Mẹkáníìkì ń bọ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní ó ń bọ̀. Ṣé o fẹ́ káwọn òbí rí ọmọ Ẹnu-Ọ̀nà lórí ẹsẹ̀ ni?"

Ọmọ náà dìde, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ. Bàbá bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sá ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá, ó dúró, ó di ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ mú. Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ kan bi èkejì pé, "Ṣé èèyàn lè dé iléèwé láti ibí?" Èkejì ní òun gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láyé àtijọ́.

Tẹ́ẹ́rẹ́ bá wọn lórí pápá bí wọ́n ṣe ń tò. Ó sáré. Ìyípo kìíní, òun ló wà níwájú. Ní ìyípo kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti gbàgbé. Ẹnì kan kọjá lára rẹ̀, ẹnì kejì kọjá, ẹnì kẹta fi apá kan ṣoṣo ṣíwájú rẹ̀. Ó ṣe ìkẹrin. Ẹ ó ní ṣebí ẹni mẹ́rin ni wọ́n ń mú. Àṣẹ Màdáámù ni pé mẹ́ta nìkan ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú, kí wọ́n fi àyè kẹrin sílẹ̀, kí gbogbo òbí tọ́mọ wọn ò wọlé ṣì ní ohun tí wọ́n á máa retí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, àwọn mẹ́fà tó kù á tún un sá, fún àyè kan péré.

Wákàtí kan lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀sì dé. Ẹnu-Ọ̀nà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó mi orí bí amòye.

"Ẹ rí i?" ló sọ fún Tíṣà Fèrè. "Ibi tí ọkọ̀ kú sí tó ti fẹsẹ̀ rìn wá, ibẹ̀ ló ná gbogbo agbára rẹ̀ sí."

Tíṣà Fèrè ki fèrè bọ ẹnu, kò fọn ọ́n, ó kàn fi dí ẹnu ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Ẹnu-Ọ̀nà jí, ibùsùn ọmọ rẹ̀ ti tutù. Lójú títì ló ti bá a, ọmọ náà ti kọjá ilé ìlagi, ó ń rìn kánmọ́kánmọ́. Ó dẹ ọkọ̀ sílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ń bá a lọ ní ẹ̀gbẹ́ títì bí ọ̀kadà tó ń wá èrò.

"Wọlé."

"Bàbá, ẹ káàárọ̀, sà."

"Mo ní wọlé."

"Ẹ máa lọ, sà. Àwọn èèyàn ń dúró dè yín."

"Ojú ń tì mí, ìwọ ọmọ yìí."

"Ẹ má bínú, sà."

Ó sì ń rìn lọ. Bọ́ọ̀sì ńlá, onítáyà mẹ́fà, ń rá bàbà lẹ́yìn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní ọgbọ̀n ẹnu ọ̀nà, ọgbọ̀n òbí ń wo aago. Ní ọjọ́ kẹta, fóònù Màdáámù ò sinmi, Màdáámù sì pe gbogbo wọn sí ọ́fíìsì: bàbá, ọmọ, àti Tíṣà Fèrè tí ọ̀rọ̀ ìyà àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnu-Ọ̀nà ro ẹjọ́ dáadáa. Ó ní àìgbọ́ràn ni. Ó ní ọmọ tó kọ ìjókòó tí bàbá rẹ̀ fi ọdún mẹ́jọ tọrọ, kí ni kò lè kọ̀ lọ́la? Màdáámù ò fẹ́ gbọ́ gígùn ọ̀rọ̀. Ó ń fẹ́ kí fóònù òun dákẹ́. Ó fa ìwé òfin iléèwé yọ, ó fi ìka wá àìgbọ́ràn, ó rí i. Ọmọ tó bá ṣàìgbọ́ràn sí òbí níta gbangba á máa sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀marùn-ún lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí iléèwé bá parí, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Iléèwé náà kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi púpọ̀ nìyẹn: ọmọ tó bá ṣe dáadáa, wọ́n á ní kó jókòó jẹ́ẹ́, èyí tó bá ṣẹ̀, wọ́n á ní kó máa sáré. Lẹ́yìn náà làwọn àgbàlagbà á kóra jọ, wọ́n á máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé táwọn ọmọ ìwòyí ò fẹ́ràn eré sísá.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni Tíṣà Fèrè wí, ojú rẹ̀ le bí ti adájọ́. "Màdáámù, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, márùn-ún ti kéré jù fún irú ìwà yìí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di mẹ́jọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí, ó dorí kodò.

"Ìwọ lo fà á," ni bàbá wí. Ó wá fi tirẹ̀ kún un. "Màdáámù, kò gbọdọ̀ wọ bọ́ọ̀sì mi títí tí ìyà yẹn á fi parí. Kó máa fẹsẹ̀ rìn wá, kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ. Kó lè mọ adùn ìjókòó."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Màdáámù wí, ó buwọ́ lu ìwé.

Ọmọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. Nígbà tó débi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i mọ́, àwọn kan ní àwọn gbọ́ ẹ̀rín.

Ìyà bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, Ẹnu-Ọ̀nà á gbé bọ́ọ̀sì dúró létí pápá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó gbéra, kí ojú lè ti ọmọ rẹ̀ dáadáa. Àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n á fi ojú lẹ gíláàsì, wọ́n á máa jẹun, wọ́n á máa ka ìyípo. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, òun ni orúkọ rẹ̀ wà lókè pátápátá nínú ìwé nọ́ọ̀sì. Ní ọjọ́ kẹrin, ó na ọwọ́ sókè.

"Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà, kí lèèyàn máa ṣe kí wọ́n tó fún un nírú ìyà yẹn?"

"Má dààmú ara ẹ," ni bàbá wí, ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín sí i. "Ìwọ, ọmọ dáadáa ni ẹ́. Jókòó jẹ́ẹ́."

Ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́. Kò sì jẹ bisikíìtì mọ́ lọ́jọ́ náà, ojú pápá ló ń wò títí bọ́ọ̀sì fi yí kọ́nà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Àwọn mẹ́fà tò lórí pápá, ẹnì kan péré ni wọ́n máa mú. Tẹ́ẹ́rẹ́ parí ìyípo kejì, ó ti dé, ó ti tẹ̀ ba, ó ti na ẹ̀yìn padà, kí ẹni tó tẹ̀ lé e tó yọ ní kọ́nà tó kẹ́yìn. Tíṣà Fèrè kọ orúkọ rẹ̀ sí àyè kẹrin. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú téèpù nínú àpò, kò tilẹ̀ fà á yọ.

Inú Ẹnu-Ọ̀nà dùn, ìyẹn ò ṣe é pa mọ́. Ó di ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó fi áńkáṣífù nu ojú ara rẹ̀. "Ẹ rí ohun tí ìyà ń ṣe lára ọmọ?" ló sọ fún nọ́ọ̀sì. "Bí mo bá ti kẹ́ ẹ, ibo ló máa dé? Ó ti ronú pìwà dà báyìí. Ìyà parí lónìí. Mo ti forí jì í. Láti ọjọ́ Ajé, ó ti padà sórí ìjókòó rẹ̀ nìyẹn."

Ọjọ́ ìdíje ku ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tíṣà Fèrè, nọ́ọ̀sì, àti ìyá ọmọ tó ti ibi iṣẹ́ wá, jókòó ní yàrá nọ́ọ̀sì, wọ́n tẹ́ ìwé òfin iléèwé sórí tábìlì. Wọ́n kà á látòkè délẹ̀. Pípẹ́ lẹ́yìn: ìyípo méjì, ọjọ́ kan. Ariwo nínú kíláàsì: ìyípo kan. Àìgbọ́ràn, ó ti lò ó, Màdáámù ò sì níí gbà á lẹ́ẹ̀mejì nínú sáà kan. Ìjà: kó lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Kó bú tíṣà: kó kúrò níléèwé pátápátá, bí tíṣà náà tilẹ̀ ní kó bú òun. Èyí fúyẹ́ jù, ìyẹn wúwo jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ ọmọ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ rò pé ọmọ dáadáa lè dá láàárín òpin ọ̀sẹ̀ yìí, tó máa tó ìyà ọ̀sẹ̀ méjì geerege?